Bí Mo Ṣe Lọ Gbé Elijah Bọ̀ Láti Ilé Òòṣà Etí Òkun

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà 1981. Òsì.

Òjò láti àárọ̀. Ìyá mi tún bu ti Elijah sọ́tọ̀. Iṣu tuntun ni, a gún un, gbogbo wa jẹun tán, abọ́ kan ṣì wà lórí àga pẹ̀lú ìdérí. N kò béèrè ẹni tó ni ín. Ọdún kẹta rèé tí ọkọ̀ tí Elijah àbúrò mi ń bá ṣiṣẹ́ ti rì sókun lọ́hùn-ún, tí àwọn tó gbà á síṣẹ́ sì ránṣẹ́ pé kí a gba kámú. Ìyá kò gbà. Ó ní òun kò rí òkú, òun kò rí aṣọ, kí ni kí òun gbà?

Láti ìgbà tí Lazarus Olóyèdé ará Èrúkù ti wálé fún ìsinmi ni ara mi kò ti balẹ̀. Òun àti Elijah ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà, Ọlọ́run yọ òun, ó sì ń ṣiṣẹ́ báyìí ní ilé tí àwọn atukọ̀ ń wọ̀ sí ní Họ́ńkọ́ńgì. Ó ní àwọn apẹja ni wọ́n fi àwọ̀n gbé Elijah jáde. Wọ́n sin ín. Nígbà tó yá, wọ́n hú egungun rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kó o sínú ìkòkò, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òòṣà kan létí omi, ní erékùṣù kékeré kan. Nínú ìkòkò! Bí ẹni tọ́jú ẹ̀pà!

A pe ìpàdé ilé. Bàbá Ìbítóyè tó jẹ́ àgbà ilé wa ní ọmọ tó bá kú ṣáájú ìyá, a kì í fi sàárè rẹ̀ han ìyá, nítorí náà kí a fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ìyá mi gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó pariwo jáde pé, "Ìbítóyè, ìwọ lo bí i ni?" Àwọn ọkùnrin ilé wa ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo ní èmi ó lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ̀bí ní Obbo-Ilé títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀jẹ̀ ò bà mí lẹ́rù, ṣé egungun ni yóò wá bà mí lẹ́rù?

Ìyá mi pè mí wọlé. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bó bá jẹ́ òkú, gbé òkú wá. Bó bá jẹ́ alààyè, gbé alààyè wá. Má sáà fi ọwọ́ òfo wọ ulé yìí."

Ọjọ́ Àìkú, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà.

Wọ́n gbàdúrà fún mi ní ìjọ. Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ Ọmọ́níyì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ilẹ̀ abọ̀rìṣà ni ẹ ń lọ o. Ẹ má kúnlẹ̀ fún ère kankan." Mo ní, "Pásítọ̀, eékún tó ń ro mí yìí? Jésù gan-an, orí àga ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jọ ẹ̀rín tó dénú.

Owó ọkọ̀ òfuurufú ti pé. Bó ṣe pé, n kò fẹ́ kọ ọ́ síbí, ó ń dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹsẹ̀ mi wú. Oúnjẹ wọn kò ní ata rárá.

Ọjọ́ Ajé, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà. Họ́ńkọ́ńgì.

Mo ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe. Ọjọ́ kìíní gan-an!

Lazarus, tó ti padà síbí ṣáájú mi, mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù náà láàárọ̀. Ooru wọn jọ ti ilé, ṣùgbọ́n òórùn ẹja ló gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ilé òòṣà náà dojú kọ omi tààrà, ó pupa, etí òrùlé rẹ̀ ká sókè, ejò ẹlẹ́sẹ̀ ńláńlá wà lórí rẹ̀. Ní inú, èéfín tùràrí ń ta èèyàn lójú. Wọ́n so tùràrí náà rọ̀ láti òkè bí òṣùká, ó ń jó díẹ̀díẹ̀. Ère obìnrin kan jókòó ní ìkángun ilé lọ́hùn-ún, ó wọ aṣọ olówùú wúrà, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú. Lazarus ní òun ni wọ́n gbà pé ó ń ṣọ́ àwọn tó wà lójú òkun.

Bí mo ṣe ń wò yẹn, ìyá àgbàlagbà kan yọ láti ẹ̀yìn tábìlì, irun rẹ̀ funfun báláú. Òun ló ń tọ́jú ilé náà, Pòpò ni gbogbo wọn ń pè é, bí ẹni ń pe ìyá àgbà. N kò tilẹ̀ ronú. Àgbà yọ sí mi, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o, Màmá."

Ère náà wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ariwo ta! Wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnìkan lu agogo, ẹnìkan ki igi tùràrí mẹ́ta bọ̀ mí lọ́wọ́, ọkùnrin kan sì gbé kámẹ́rà, ó ya fọ́tò mi. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé inú wọn dùn pé mo mọ̀wà hù. Lazarus ló ń pariwo pé, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ dìde! Ẹ dìde! Òòṣà wọn ni wọ́n rò pé ẹ ń kí!" Mo fò dìde, eékún mi sì ké.

Wọn kò jẹ́ kí a rí ìkòkò lónìí. Wọ́n ní kí a padà wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà.

Inú ṣì ń bí mi. Ta ni í dúró gbagidi kí àgbà? Bí ìyá mi bá gbọ́ pé mo kí arúgbó lóòró, etí mi ni yóò gbá. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo wá ṣẹ̀? Mo bi Lazarus bẹ́ẹ̀. Ó ní kò burú, ó ti jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn wa. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà.

Ìjì. Ọkọ̀ ojú omi kankan kò kọjá. Mo jókòó sí ojú fèrèsé, mo ń wo omi tó ń ga, tó ń lu ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irú èyí ló pa àbúrò mi. N kò lè jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà.

Wọ́n ṣí ìkòkò fún mi.

Ilé kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì ilé òòṣà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ilé adìẹ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó egungun àwọn tí omi gbé wá sí, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Eruku ti bo ìkòkò yòókù. Ti Elijah ń dán. Abọ́ ìrẹsì wà níwájú rẹ̀, tíì gbígbóná wà, ọsàn náà wà.

Mo fọ ọwọ́ mi, mo ń kó o jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń yẹ ọmọ tuntun wò. Mo ti sọ fún ara mi pé bí kì í bá ṣe òun, n ó mọ̀. Egungun apá òsì ni mo gbé tí ọwọ́ mi fi dúró. Ó ti kán rí, ó sì jinná wọ́. Orí igi ìyeyè ló ti já bọ́ nígbà tó wà ní kékeré, ẹni tó bá wa to eegun náà sì ti mutí yó lọ́jọ́ náà. Mo bú ọkùnrin yẹn títí ó fi kú. Háà, Àkànjí, àbúrò mi! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ké. Pòpò wá jókòó tì mí, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu imú fún mi.

Nígbà tí mo ti sunkún tán, mo ní kí Lazarus bá mi dúpẹ́, kó sọ pé à ń gbé e lọ. Ojú àwọn apẹja yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pọ̀, Lazarus ń túmọ̀, òógùn ń bò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Elijah síbẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ kan kò tí ì rì mọ́ láàárín wọn. Bí wọ́n bá ń lọ sójú omi, wọ́n á kọ́kọ́ yà kí i. Ẹ̀gbọ́n Dúdú ni orúkọ tí wọ́n fún un.

Wọ́n ti sọ àbúrò mi di òòṣà! Elijah ọmọ díákónì! Elijah tí kò mọ omi wẹ̀, tó máa ń di aṣọ mi mú tí a bá ń la odò kọjá lọ sóko! Mo ní, "Lazarus, bi wọ́n léèrè pé ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ omi, ta ni yóò gbà?" Lazarus kọ̀, kò túmọ̀ ìyẹn.

Ìwé ìjọba pé kí a gbé e wà lọ́wọ́ wa o. Wọ́n kà á, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní òòṣà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, Elijah fúnra rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ gbà láti lọ.

Ọjọ́ Ajé, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà.

Igi méjì ni wọ́n fi ń bi òòṣà. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, inú rẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá dojú dé tí èkejì ṣí, òòṣà gbà. Bí méjèèjì bá dojú dé, kò gbà. Bí méjèèjì bá ṣí, òòṣà ń fi èèyàn rẹ́rìn-ín. Kò dìgbà tí wọ́n bá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ìṣojú mi ni ìyá ìyá mi ti ń da obì kó tó gba Jésù.

Mo ní n kò ní í fọwọ́ kàn án. Pòpò bá mi jù ú. Méjèèjì dojú dé. Ó tún un jù. Ó tún dojú dé. Ìgbà kẹta, méjèèjì ṣí gbayawu. Òòṣà ń rẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo pariwo nínú ilé òòṣà wọn, mo ní, "Ẹ sọ fún ère yín pé ìyá tó bí i wà láàyè!" Ọkùnrin kan tutọ́ sílẹ̀. Lazarus fà mí lọ́wọ́ jáde, ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ẹ jọ̀ọ́." Mo mọ̀ pé mo ń bà á jẹ́. Kí ni n ó padà lọ sọ fún Ìyá?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Sẹ̀tẹ́ńbà.

Mo rò ó láti jí i gbé. Ìkòkò náà wúwo ju agbára mi lọ. Olúwa, dárí jì mí.

Ọjọ́rú, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà.

Pòpò ló ránṣẹ́ pè wá. Nígbà tí a débẹ̀, gbogbo àwọn apẹja ti lọ sójú omi, òun nìkan ló wà. Ó ní òun ti ń ronú. Ó ní láti ìgbà tí Elijah ti dé, èdè tàwọn ni àwọn fi ń bá a sọ̀rọ̀, bóyá kò gbọ́ ohun tí àwọn ń bi í. Kí n bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ.

Mo dúró síwájú ìkòkò. Mo kọ́kọ́ ń sọ Yorùbá inú Bíbélì, "ìwọ àbúrò mi ọ̀wọ́n," ojú ti èmi fúnra mi, Elijah ìbá ti fi mí ṣẹ̀sín. Mo wá yí i sí bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Mo ní, "Àkànjí, jẹ́ á r'ulé. Ìyá kò lè kú báyìí, kò sì lè wà láàyè báyìí. Wọ́n ti ṣe ọ́ lóore níbí. Ó tó. Dìde jẹ́ á lọ."

Pòpò gbé igi méjèèjì náà. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun láyé mi, mo mọ ọwọ́ tó ju nǹkan yàtọ̀ sí ọwọ́ tó gbé nǹkan kalẹ̀. Obìnrin yìí kò ju igi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dojú ọ̀kan dé sílẹ̀, ó sì tẹ́ èkejì kalẹ̀ ní ṣíṣí. Ó ṣà wọ́n, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá gbé ojú sókè wò mí, kò mú ojú kúrò, ó sì sọ̀rọ̀. Lazarus ní, "Ó ní Elijah gbà, ó ní ó ń lọ! Halelúyà!" Lazarus ti dijú níbi tó ti ń gbàdúrà, kò rí nǹkan kan.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, mo bi Lazarus pé ta ni obìnrin yìí. Ó ní apẹja ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ kan ṣoṣo, omi gbé e lọ, wọn kò rí òkú rẹ̀ dòní. Òun fúnra rẹ̀ ló ń se ìrẹsì fún Elijah lárààárọ̀. Ó máa ń sọ pé bóyá ìyá kan ń bu oúnjẹ fún ọmọ tòun náà níbi tó wà.

N kò sọ ohun tí mo rí fún Lazarus.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Òkìtóbà.

A gba Elijah. Gbogbo erékùṣù ló jáde. Àwọn apẹja kò bínú mọ́, òòṣà ti sọ̀rọ̀, wọ́n yìnbọn oníbébà tó ń dún bíi ti Kérésìmesì, wọ́n fi aṣọ pupa wé ìkòkò. Pòpò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ó gbé e láti ilé kékeré yẹn wá sí iwájú ilé òòṣà, mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

Eékún mi ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ilé òòṣà ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ère náà ń wò mí, ọkùnrin oníkámẹ́rà ti gbé e sójú, ọ̀rọ̀ Pásítọ̀ Ọmọ́níyì sì ń dún létí mi. Mo mú ara dúró. Mo gba ìkòkò, mo gbé e fún Lazarus, mo bọ obìnrin náà lọ́wọ́ bí òyìnbó, mo ní, "Tẹ́ńkíù." Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ṣì dúró níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wa lọ.

Mo ṣe dáadáa. Kò sí ẹni tó máa lè sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Òkìtóbà. Òsì.

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú l'Ékòó, kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní, "Màmá, kí ló wà nínú ìkòkò yìí?" Mo ní, "Àbúrò mi." Ó fẹ́ ṣí i. Mo ní, "Ṣí i, orúkọ rẹ̀ ni Elijah, kí i dáadáa." Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn. "Ẹ máa lọ, Màmá! Ẹ máa lọ!"

Ọ̀nà láti Ìlọrin ti bàjẹ́ tán, itan mi ni mo gbé Elijah lé títí a fi dé Òmù-Àrán, títí a fi délé. Bàbá Ìbítóyè gba ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e gba ẹ̀yìn kí Ìyá má bàa rí i. Ìyá jókòó sínú yàrá.

"Ó ti d'ulé?"

"Ó ti d'ulé, Ìyá."

Ó mi orí. Nígbà tí a jẹun, kò bu ti ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Mo rí àga yẹn lófìfo, ìgbà náà ni ara mi tó gbà pé Elijah kú. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo lọ bomi bọ́jú.

Ọjọ́bọ̀, 8 Òkìtóbà.

Lazarus ti kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ l'Érúkù, tayọ̀tayọ̀, pé Màmá Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú àwọn ará ibẹ̀ sì dùn. Kò ní í lọ́kàn láti bà mí jẹ́. Àmọ́ Èrúkù sí Òsì, báwo ló ṣe jìnnà tó?

Pásítọ̀ àti àwọn alàgbà pè mí. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé òótọ́ ni pé ẹ kúnlẹ̀?"

"Àgbà ni mo kí."

"Ṣé ère wà lẹ́yìn àgbà náà?"

"Ó wà."

Ó ń yí péènì lọ́wọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ Olúwa títí di Kérésìmesì, ìkòkò náà kò sì gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹ ṣeun. Mo fẹ́ sọ pé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn n kò kúnlẹ̀, pé mo dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu mi. N kò mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Òkìtóbà.

A sin ín láàárọ̀, nínú ọgbà ilé wa. Òjò kò rọ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ nínú ẹbí ló gbẹ́ ilẹ̀. Ìyá wà nínú yàrá gẹ́gẹ́ bí àṣà, Susanna ìyàwó ilé wa ti fèrèsé pa, ó sì jókòó tì í. A kò kọrin púpọ̀, ọmọ tó ṣáájú ìyá lọ, orin wo ni?

Nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ tán, Ìyá ní kí n wọlé wá jókòó. Ó ní, "Ta ló ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti ìrẹsì, ti tíì gbígbóná, ti ìkòkò tó ń dán láàárín àwọn ìkòkò eléruku. Mo sọ ti ọmọ tí omi gbé lọ. Mo sọ ohun tí n kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni, bí obìnrin náà ṣe gbé igi méjèèjì kalẹ̀ fúnra rẹ̀ kí n lè rí ọmọ gbé lọ. Ìyá ń fi ọwọ́ pa itan rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Ìyá. Ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń bá mi jà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo ní nígbà tó gbé ọmọ lé ọ lọ́wọ́."

N kò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Ìyá mi wò mí bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíràn ló jókòó níwájú òun. Ojú tì mí. Ó ní, "Apá ibo ni ìlú wọn wà?" Mo nawọ́ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Ó di igi ibùsùn mú, ó dìde. Mo fẹ́ gbá a mú, ó já ọwọ́ mi dànù. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, eékún kan, lẹ́yìn náà ìkejì, egungun rẹ̀ ń ró. Ó kọjú sí ògiri tí mo nawọ́ sí. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Olúwa á mú tiyín náà d'ulé."

Kò dìde. Mo kúnlẹ̀ tì í.